Bí a ṣe ń mọ èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: ọ̀rọ̀ àwọn èdè Papua

Ó dá mi lójú pé ẹ ti bá irú ẹ̀ pàdé lórí Facebook. Ẹnì kan á to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀, Yorùbá lápá òsì, Hébérù tàbí èdè Íjíbítì àtijọ́ lápá ọ̀tún, á wá ní ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe jọra, ibẹ̀ la ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Èmi náà lè pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù New Guinea, tó wà lókè Ọsirélíà nínú àwòrán ayé, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti to ìyá èdè kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ jọ padà. Nínú èdè ọ̀hún, kum ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "kú", ọmú sì ń jẹ́ amu. Kú àti kum, ọmú àti amu! Ó kù díẹ̀ kí n ní Odùduwà gba ibẹ̀ kọjá.

Kò gba ibẹ̀ kọjá o. Ìṣèèṣì ni. Èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, ìró tí ẹnu ọmọ ènìyàn ń pè kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí a bá gbé èdè méjì èyíkéyìí ka iwájú ara wọn, ọ̀rọ̀ mélòó kan gbọ́dọ̀ forí gbárí. Ti ọmú tilẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ ọwọ́ tó pa ètè dé tó ń ké, m ló ń pè, ìdí nìyẹn tí m fi kún inú ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmú káàkiri ayé. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti èdè Mbabaram ní Ọsirélíà. Dog ni wọ́n ń pe ajá níbẹ̀ kí èdè náà tó kú, bí Òyìnbó ṣe ń pè é gẹ́lẹ́. R. M. W. Dixon, tó kọ èdè náà sílẹ̀, wá rí i pé gudaga ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, bí èdè Yidiny tó wà nítòsí rẹ̀ ṣe ń pè é, ọjọ́ ló gé e kúrú. Òyìnbó kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Kí ló wá ń jẹ́ ẹ̀rí ìbátan? Ẹ wo owó. Ará Ọ̀yọ́ ní owó, ará Oǹdó ní eghó. Ìlú tí a ń pè ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. W àti gh kò jọra létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ eghó lẹ́ẹ̀kan, tó tún gbọ́ Ọ̀ghọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé gh ti ọ̀hún ló dúró fún w ti ìhín. Ìfura yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ìyàtọ̀ kan náà bá ń padà wá nínú ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ọwọ́ ìṣèèṣì kúrò ńbẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹbí èdè, ìyàtọ̀ tó létò ló ń wá kiri, ìjọra ò tó nǹkan lójú ẹ̀.

Mo mú New Guinea torí pé bóyá ni ibì kan wà láyé tí iṣẹ́ yìí ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ "Papua" fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ ń da èèyàn láàmú. Bí ẹ bá gbọ́ "àwọn èdè Papua", ẹ má rò pé ẹbí kan ni wọ́n, bí Yorùbá, Ìgalà àti Ìtsẹkírì ṣe jẹ́ ẹbí. Orúkọ àṣẹ́kù ni. Ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀, àwọn atukọ̀ kan tí èdè wọn wá láti inú ẹbí Austronesia, ẹbí tí èdè Malay, ti Hawaii àti ti Madagásíkà wà, gúnlẹ̀ sí àwọn etíkun àgbègbè náà. Wọ́n bá onílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1892, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Sidney Ray ya èdè àwọn àlejò yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn onílẹ̀, ti àwọn onílẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní Papua. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wọ ọjà, tó kó gbogbo ẹni tí kì í ta aṣọ jọ, tó sọ wọ́n ní "ẹgbẹ́ àwọn tí kì í ta aṣọ". Ẹlẹ́ran wà níbẹ̀, aláta wà níbẹ̀, oníṣègùn náà wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju pé aṣọ kọ́ ni wọ́n ń tà.

Àwọn tí kì í ta aṣọ yìí tó nǹkan bí 800 èdè. Apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà wà lábẹ́ Indonéṣíà, apá ìlà-oòrùn ni orílẹ̀-èdè Papua New Guinea, àwọn yòókù sì fọ́n ká sí àwọn erékùṣù tó wà nítòsí. Ẹbí tó wà láàárín wọn lé ní ogún dáadáa, àwọn èdè kan sì wà tí kò ní ará rárá, tí wọ́n dá dúró bí igi ọ̀pẹ kan nínú pápá.

Èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 40,000 ọdún. Ọ̀nà tí a fi ń wá ìbátan èdè kì í sì í ríran kọjá nǹkan bí 10,000 ọdún, torí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ ń kúrò nílẹ̀ tí tuntun ń gba ipò wọn, títí ohun tó ṣẹ́ kù kò fi ní ju ohun tí ìṣèèṣì lásán lè kó jọ. Ìwé àtijọ́ kankan kò sì sí tí a lè ṣí wò. Èèwọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbègbè náà, èèyàn kò gbọdọ̀ pe orúkọ àna rẹ̀, bí orúkọ náà bá sì dún bí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kan, ọ̀rọ̀ yẹn náà di èèwọ̀ fún un, á wá òmíràn lò. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ìyàwó ilé tó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdí-àrán mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹni tó ń pe ejò ní okùn lálẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀. Àwọn tí kì í pe Ṣọ̀pọ̀nná, tó jẹ́ Olóde ni wọ́n ń wí, mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá rò ó wò pé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé tí èèyàn ibẹ̀ kò ju 300 lọ, fún ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan.

Síbẹ̀, àwọn kan ti gbìyànjú láti kó àwọn èdè yìí jọ. Ní 1970, Kenneth McElhanon àti C. L. Voorhoeve fi hàn pé àwọn èdè kan ní apá Huon, ní ìlà-oòrùn erékùṣù náà, bá àwọn kan ní àárín gbùngbùn àti gúúsù rẹ̀ tan. Wọ́n sọ ẹbí náà ní Trans New Guinea. Stephen Wurm, ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọsirélíà ní Canberra, fẹ̀ ẹ́ lójú. Nígbà tó fi di 1975, nǹkan bí 500 èdè ló ti rọ́ sínú ẹ̀. Lójú tèmi, ó ṣílẹ̀kùn jù. Bí gírámà èdè kan ṣe jọ ti ìkejì ló fi gba ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé, bẹ́ẹ̀ gírámà a máa ran èèyàn: aládùúgbò tó ń fẹ́ ara wọn sílé fún ìran mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í to gbólóhùn bákan náà, bí wọn kò tilẹ̀ bára tan. Andrew Pawley àti Malcolm Ross, tí àwọn náà wà ní Canberra, ló wá tún ilé náà kọ́ láti ìpìlẹ̀. Pawley gbájú mọ́ ìró àti ọ̀rọ̀. Ní 2005, Ross gbé arọ́pò-orúkọ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn èdè yẹn, ohun tí wọ́n ń pe èmi, ìwọ, òun, àwa, ẹ̀yin. Ìdí tó fi mú arọ́pò-orúkọ yé mi: a yá àlùbọ́sà lọ́wọ́ Haúsá, a yá búrẹ́dì lọ́wọ́ Òyìnbó, ta la ó yá "èmi" lọ́wọ́ ẹ̀?

Ẹnì kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì wa. Joseph Greenberg ló ṣètò èdè Áfíríkà sí ẹbí mẹ́rin ní 1963, tó fi Yorùbá sínú Niger-Congo. Ní 1971, ó gbé irú iṣẹ́ kan náà lọ sí New Guinea: kó ọ̀rọ̀ jọ rẹpẹtẹ láti inú èdè rẹpẹtẹ, wo èyí tó jọra, pín wọn sí ẹbí. Ó kó àwọn èdè Papua pọ̀ mọ́ ti erékùṣù Andaman lọ́hùn-ún nítòsí Íńdíà àti ti Tasmania tó wà nísàlẹ̀ Ọsirélíà, ó ní ẹbí kan ni gbogbo wọn. Ìyẹn kò dúró. Ọ̀nà tó gbé e dé ibi rere ní Áfíríkà já a sílẹ̀ lọ́nà níhìn-ín, torí ojú ìjọra nìkan ló fi ń wò.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn àgbà yẹn sílẹ̀, ká wo ẹbí kékeré kan tí a lè fọwọ́ bà.

Alor àti Pantar jẹ́ erékùṣù méjì ní ìlà-oòrùn Indonéṣíà, lókè Timor. Òkè ló kún ibẹ̀. Láti abúlé kan sí ìkejì, ẹsẹ̀ ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àfonífojì. Èdè Papua bí ogún ló wà lórí méjèèjì, ó sì jìnnà sí New Guinea gan-an. Ọ̀pọ̀ erékùṣù tó wà láàárín, Austronesia ni wọ́n ń sọ. Ní 1975, W. A. L. Stokhof tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ láti inú àwọn èdè yìí jáde. Láti nǹkan bí 2003 ni àwọn mìíràn ti ń lọ gbé níbẹ̀ láti kọ gírámà wọn: Marian Klamer láti Yunifásítì Leiden ní Netherlands kọ ti Teiwa, ní Pantar, František Kratochvíl kọ ti Abui, ní àárín Alor. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Gary Holton, Laura Robinson àti Antoinette Schapper, ló pawọ́ pọ̀ ní 2012 tí wọ́n to ìyá èdè náà jọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ ká ní alákọsílẹ̀ kan dé abúlé Teiwa, ó nawọ́ sókè, ó ní kí lẹ ń pe èyí. Wọ́n á dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn èdè yìí, ọwọ́ kì í dá wà. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan: tèmi, tìrẹ, tòun. Kò sí bí ẹ ṣe lè pe "ọwọ́" lásán, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ náà kò ṣe lè kúrò lára olówó rẹ̀ kó máa rìn kiri. Ní Teiwa, natan ni ọwọ́ mi, hatan ni ọwọ́ rẹ, gatan ni ọwọ́ rẹ̀. Ní Abui, natang ni ọwọ́ mi, atang ni ọwọ́ rẹ, hatang ni ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ tún un kà, ẹ fara balẹ̀. Alákọsílẹ̀ wa gbọ́ hatan ní Teiwa, ó gbọ́ hatang ní Abui, inú ẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà! Ti Teiwa, ìwọ ló ni ọwọ́. Ti Abui, ẹlòmíràn ló ni ín. Ha- méjèèjì jọra bí ìbejì, wọn kò sì jẹ́ nǹkan kan síra. Àwọn tó bára tan ni ga- ti Teiwa àti ha- ti Abui, àwọn tí ojú wọn kò jọra. Kamang, tí àwọn àti Abui jọ ń gbé ní Alor, ṣì ń sọ ga- bíi ti Teiwa títí dòní, a jẹ́ pé Abui ló ṣí kúrò níbẹ̀: g ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ di h. Bẹ́ẹ̀ náà ni ha- ti Teiwa àti a- ti Abui jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí yé mi yékéyéké, torí ẹni tó bá ń wá ìjọra á mú èyí tí kò kàn án, á sì fi ará ilé sílẹ̀.

Ó kan ẹlẹ́dẹ̀ wàyí. Bai ni Teiwa ń pè é, Kamang ní pe, Abui ní fe. Èso kan wà tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bí àwa ṣe ń jẹ obì, tó ń sọ itọ́ di pupa. Bui ni ní Teiwa, fu ni ní Abui. Ẹ ti rí i: ibi tí Teiwa bá ti pe b níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, f ni Abui ń pè. Àlejò kò lè mọ̀ pé bai àti fe jọ wá láti ilé kan. Òfin ló fi wọ́n hàn.

Ìbéèrè tó kù ni pé, nínú b, p àti f, èwo ni ìyá wọn ń pè? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, pé èyí tó pọ̀ jù ló wọlé. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó rọrùn fún ẹnu láti ti b dé p, kó ti p dé f, ju kó gba ọ̀nà náà padà lọ. Èkejì ló lágbára jù. Àwọn èdè yìí ní oríṣi "àwa" méjì: àwa tí ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, àti àwa tí kò kàn ọ́. (Èdè tiwa kò ní in, mo sì rò pé a nílò rẹ̀, ẹ wo bí "a máa jẹun" ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí àlejò bá wà ńjókòó.) "Àwa" tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀, pi ni ní Teiwa, pi náà ni ní Abui. A jẹ́ pé ìyá wọn ní p kan tí Abui kò fọwọ́ kàn. Bó bá jẹ́ p ló bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Abui ìbá máa pè é ní pe. Ṣùgbọ́n fe ló ń pè é. Ìró tó di f ní Abui ní láti yàtọ̀ sí p, b ló sì bá a mu. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn: *baj, ìyẹn "bai" ní àkọtọ́ tiwọn. Ìràwọ̀ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí, àwa la fi òye gbé e dìde. Ìràwọ̀ kan náà ló yẹ kí n ti fi síwájú kum àti amu lókè lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ràn àmì yẹn, torí ó jẹ́ ká mọ ibi tí ẹ̀rí ti parí tí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin náà kò dúró sí Alor. Ní Timor, lórílẹ̀-èdè Timor-Leste, èdè Papua mẹ́rin ló wà: Bunak, Makasae, Makalero àti Fataluku. Ìkarùn-ún, Oirata, wà ní erékùṣù Kisar nítòsí wọn. Fataluku ń pe ajá ní ipar, Oirata ń pè é ní ihar. Ẹja, api ni ní Fataluku, ahi ni ní Oirata. P ọ̀hún, h ìhín, nígbà gbogbo. Ẹ tún wo ẹlẹ́dẹ̀: pai ni Fataluku ń pè é. Ẹja ní Abui? Afu. Okùn kan náà ló ń fà á láti Pantar dé Kisar. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹbí náà ní Timor-Alor-Pantar báyìí.

Ìpín inú ẹbí tún ní ọgbọ́n tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká fi ìlà ojú ṣe é. Ká ní gbogbo ọmọ ìdílé kan ló kọ àbàjà, tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin tó tẹ̀dó síbi mẹ́rin. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ rí ilé méjì tó ṣì ń kọ àbàjà. Ṣé ẹ lè sọ pé àwọn méjèèjì súnmọ́ra ju àwọn yòókù lọ? Rárá, ohun tí baba fi sílẹ̀ ni wọ́n ń lò, ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin ló lè máa lò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ilé méjì tó fi ìlà kan kún un, ìlà tí kò sí lójú baba wọn, ìyẹn lọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jọ gbé pọ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni b tí àwọn ará Pantar di mú kò sọ wọ́n di ẹ̀ka kan. Àyípadà tí èdè mélòó kan ní Alor jọ ṣe ló lè sọ wọ́n dọ̀kan, bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n jọ ṣe é, tí kì í ṣe pé olúkúlùkù dá tirẹ̀ ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ èdè Malay á ti máa fura láti ìgbà tí mo ti ń pe ẹlẹ́dẹ̀. Babi ni Malay ń pè é. Àwọn onímọ̀ náà rí i; èrò wọn ni pé ọ̀dọ̀ àwọn Austronesia ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, àti ti èso bí obì yẹn, ti wá. Ṣé ẹ̀rí wa bàjẹ́ nìyẹn? Kò bàjẹ́ o. Ó tilẹ̀ di aago sí wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tó wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti túká kì í tẹ̀lé òfin ilé, torí kò sí níbẹ̀ nígbà tí òfin ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tẹ̀lé òfin: b di p ní Kamang, ó di f ní Abui. Nítorí náà, ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó pín ogún. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ Austronesia ló ti wá, tí àwọn Austronesia kò sì dé àgbègbè náà ju nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn tàbí díẹ̀ lé, a jẹ́ pé àwọn èdè Alor àti Pantar kò tíì túká nígbà náà. Láti ara ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lásán la ti mọ bí ẹbí kan ṣe dàgbà tó.

Ó ku ìbéèrè tó ń mú àwọn àgbà jiyàn: ṣé ẹbí yìí jẹ́ ọmọ Trans New Guinea, ẹbí ńlá ọjọ́sí? Ross ní bẹ́ẹ̀ ni, arọ́pò-orúkọ ló gbójú lé. Ìyá Trans New Guinea, èyí tó ni kum àti amu lókè lọ́hùn-ún, ń pe èmi ní *na. Ìyá Alor-Pantar náà ń lo *na- fún tèmi. Ó dára. Ṣùgbọ́n níbi tí New Guinea ti ní *ŋga fún ìwọ, tó sì ní *ya fún òun, Alor-Pantar yí i po: *ga- di ti òun, èyí tó jọ *ya sì di ti ìwọ. Àfi bí ìgbà tí àbúrò méjì pààrọ̀ aṣọ lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó wọlé wá kí yín. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ní láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, na kan ṣoṣo kò sì lè gbé ẹbí odindi, torí n wà nínú "èmi" ní àìmọye èdè tí kò bá ibẹ̀ tan. Holton àti Robinson yẹ ẹ̀rí náà wò ní 2014, wọ́n ní kò tíì tó. Mo gba tiwọn.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú ẹbí ńlá. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní etíkun Bomberai, ní ìwọ̀-oòrùn New Guinea, èdè mẹ́ta kan wà: Iha, Baham, àti Kalamang tí wọ́n ń sọ ní erékùṣù kékeré kan lójú òkun níbẹ̀. Ní 2022, Timothy Usher àti Antoinette Schapper fi ìró wéra, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí a ṣe fi bai wé fe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kó àwọn mẹ́ta yìí àti gbogbo Timor-Alor-Pantar sínú ẹbí kan, Greater West Bomberai.

Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ Kalamang rí láìmọ̀. Òun ni èdè tí Google lò ní 2024 láti fi ọgbọ́n Gemini, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọn tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, hàn: wọ́n fún un ní ìwé gírámà Kalamang, wọ́n ní kó máa túmọ̀ èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò tó 200. Ariwo kọ̀ǹpútà ni gbogbo ayé gbọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi, arọ́pò-orúkọ rẹ̀ ni mo lọ wò. Ka ni ìwọ ní Kalamang, g tàbí k ṣì wà lára ìwọ, bíi ti New Guinea. Kò tíì sún dé ọ̀dọ̀ òun. "Àwa" tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ pi.